Ìwádìí ìṣègùn lórí irun àti awọ ara: ta ló yẹ kéèyàn gbé orí ẹ̀ lé lọ́wọ́?

ÌyáÀbẹ̀kẹ́ (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi obìnrin ni mo torí ẹ̀ wá. Irun iwájú orí rẹ̀ ti ń sá sẹ́yìn, ó ti tó ọdún mélòó kan, ní báyìí ó ti ń pá ní àtàrí pẹ̀lú. Ó ti fi òróró àgbọn pa á, ó ti fi omi àlùbọ́sà pa á, ó ti ra oríṣiríṣi ìgò ní Ọjà Ọba, pàbó ló já sí. Ẹnì kan wá fi ìpolówó kan sínú gúrúùpù WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì wọn: àwọn "olùṣèwádìí ìṣègùn" ń wá obìnrin 40 tí irun wọn ń re, kí wọ́n wá dán oògùn tuntun wò. Owó fọ́ọ̀mù jẹ́ ₦12,000. Wọ́n ní kó ya fọ́tò orí àti ojú rẹ̀ ránṣẹ́, kó fi nọ́ńbà NIN rẹ̀ sí i, pé láàárín oṣù kan irun á ti padà.

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ní ká má tiẹ̀ dá wọn lóhùn, pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n máa ń fi dánra wò nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n ń pè ní ìwádìí. Èmi ò fẹ́ kọ̀ ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, torí bó bá lọ jẹ́ oògùn gidi ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

OnídìríÒkèÀró
Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìdààmú ọmọ ìyá. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníwàádìí, ẹ kọ́kọ́ bi àbúrò yín bó ṣe ń dirun. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Orí tí fífà ti bà jẹ́, bó bá ti jókòó sórí àga ni mo ti ń mọ̀ ọ́n: irun tín-ín-tìn-tín díẹ̀ á ṣẹ́ kù sí etí iwájú níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á wá pá. Oníbàárà á ní "àǹtí, ẹ fà á dáadáa kó lè pẹ́", ojú ẹ̀ á fà sókè bí ẹni tí ẹnu yà, lálẹ́ ọjọ́ yẹn kókó wẹ́wẹ́ á sú sí ìdí irun, á sì lo Panadol sùn. Èyí tó tún burú jù ni kí wọ́n fi rílásà sí orí tán, kí wọ́n tún so átáṣímẹ́ńtì tó wúwo mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ti àtàrí tí ẹ wí yẹn, ọwọ́ onídìrí ò ká a. Dókítà ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó rí i.

Nọ́ọ̀sìẸkìmọ̀gún (Oǹdó)
Òótọ́ ni onídìrí wa sọ. Nonhlanhla Khumalo, dókítà awọ ara ní Cape Town, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ orí àwọn àgbàlagbà wò ní South Africa, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Nínú àwọn obìnrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta tí irun wọn ti re nítorí fífà. Nínú àwọn ọkùnrin, bíi 2 nínú 100 ni. Bí wọ́n bá tètè tú ìdì líle sílẹ̀, irun ń padà. Bó bá pẹ́ títí tí ibẹ̀ fi di àpá, kò ní hù mọ́.

Ti àtàrí lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní CCCA, àárín orí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á máa ràn lọ sẹ́yìn ní yípoyípo, á sì máa sọ ihò irun di àpá bó ṣe ń lọ. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń dá obìnrin lẹ́bi pé kóòmù gbígbóná ló fà á. Ní 2019 ni ìwádìí kan wá fi hàn pé nínú obìnrin 58 tí wọ́n yẹ̀ wò, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ní àyípadà nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ PADI3, ìyẹn ni pé ó ń tẹ̀lé ìdílé nígbà mìíràn. Ẹ bi ìyá yín bóyá orí ìyá tiwọn náà pá.

Ní ti ìpolówó, mo ti ṣe nọ́ọ̀sì nínú iṣẹ́ ìwádìí rí, nǹkan tí mo máa wò nìyí.

Owó ni àkọ́kọ́. Ìwádìí tó dáa kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Àwọn ni wọ́n máa ń san owó ọkọ̀ fún yín, nígbà mìíràn wọ́n á ra oúnjẹ ọ̀sán. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìwádìí náà bá béèrè, àwọn ni wọ́n á san án. Ibi ₦12,000 yẹn nìkan ti tó kí n dúró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi torí àwọn tó máa kà á lẹ́yìn.

Èkejì, ta ló fún wọn láṣẹ? Ní Nàìjíríà, ìwádìí tó bá kan ara ènìyàn gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwà ẹ̀tọ́ inú ìwádìí wò. NHREC ni ti ìjọba àpapọ̀, òun ló ń forúkọ ìgbìmọ̀ àwọn ilé-ìwòsàn àti yunifásítì sílẹ̀. Láti 2007 ni òfin ìwà ìwádìí ìlera ti wà lórílẹ̀-èdè yìí. Bó bá jẹ́ oògùn tuntun ni, NAFDAC náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìdánwò ọ̀hún, ìyẹn sì yàtọ̀ sí nọ́ńbà NAFDAC tí ẹ máa ń rí lára páálí. Orúkọ ìgbìmọ̀ náà, nọ́ńbà àṣẹ rẹ̀, àti fóònù ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tí kì í ṣe ara àwọn olùṣèwádìí, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n fún yín. Ẹ pè é. Bó bá jẹ́ ilé-ìwòsàn ni wọ́n dárúkọ, bíi ti UNIMED tó wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó níbí, ẹ gba ibẹ̀ lọ, ẹ béèrè ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìwádìí, wọ́n á sọ fún yín bóyá wọ́n mọ̀ wọ́n rí.

Ẹ tún lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò ìṣègùn ti Áfíríkà wà ní Cape Town, PACTR ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni wíwá nǹkan nínú rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ni ClinicalTrials.gov, nọ́ńbà tirẹ̀ máa ń fi NCT bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra síbẹ̀: pé orúkọ ìwádìí wà níbẹ̀ ò sọ pé ìjọba kankan ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó dáa. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìlérí. Ẹni tó bá ti mọ ohun tí oògùn máa ṣe, kí ló tún fẹ́ dán wò? Irun orí ènìyàn kì í gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ lóṣù. Minoxidil, oògùn irun tí gbogbo ayé mọ̀ gan-an, ó máa ń tó oṣù mẹ́rin kéèyàn tó lè sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, ó sì lè jẹ́ kí irun kọ́kọ́ re sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Oṣù kan wo ni wọ́n ń wí?

Ti NIN, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Fọ́tò ojú yàtọ̀ sí fọ́tò orí. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ́tò, ìwé gbọ́dọ̀ wà tó sọ ibi tí wọ́n máa kó o pa mọ́ sí àti ẹni tó máa rí i. Òfin ààbò àlàyé ara ẹni ti Nàìjíríà ti wà láti 2023.

Baálé_Arákalẹ̀
Mo wà lẹ́yìn ọkọ yín o, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin ọmọdé ò mọ̀. Ọdún 1996, àrùn yírùnyírùn bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò, Pfizer, ilé-iṣẹ́ oògùn Amẹ́ríkà, kó oògùn Trovan wá, wọ́n dán an wò lára ọmọdé. Ọmọ 200 ni wọ́n kó jọ, wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n fún 100 yòókù ní ceftriaxone. 11 kú nínú wọn. Àwọn mìíràn sọ pé ọmọ àwọn dití, òmíràn rọ lẹ́sẹ̀. Ẹjọ́ yẹn pẹ́ nílẹ̀ títí di 2009, kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò. Ẹ̀yin ẹ máa ka nọ́ńbà àṣẹ. Ọmọ ta ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Nọ́ọ̀sìẸkìmọ̀gún
Baálé, ẹ ò parọ́, ẹ kú ìrántí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dé ìdí. Nínú àwọn 11 tó kú, 5 ló gba Trovan, 6 ló gba ceftriaxone tí àwọn dókítà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Yírùnyírùn fúnra rẹ̀ ń pa ọmọ, nítorí náà kì í ṣe iye òkú nìkan ló fa ìjà. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kó yé àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba àṣẹ lẹ́nu wọn. Nínú ilé-ìwòsàn kan náà, àwọn dókítà MSF, ẹgbẹ́ oníṣègùn aláàánú tó ń lọ káàkiri ayé, ń tọ́jú ọmọ pẹ̀lú oògùn tí wọ́n mọ̀, òbí tí wọ́n bá ṣàlàyé fún dáadáa lè rìn lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ohun tó dé sí Kánò ló jẹ́ kí n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín létí pé kẹ́ ẹ béèrè ìwé. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 ti sọ ọ́ kedere: a ò gbọdọ̀ ṣe ìwádìí lára ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ àti ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ fún un, kó sì fọwọ́ sí ìwé. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbé fọ́ọ̀mù náà relé, kẹ́ ẹ fi han ọkọ, pásítọ̀, lémọ́ọ̀mù, ẹni tó bá wù yín. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, wọ́n gbọ́dọ̀ kà á fún un lédè tó gbọ́, ẹlẹ́rìí á wà níbẹ̀ kó tó tẹ̀ka. Bẹ́ ẹ bá ti wọlé tán tó sú yín, ẹ lè jáde lọ́jọ́kọ́jọ́, ìtọ́jú yín ní ọsibítù ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ yí padà. Dókítà tó bá bínú nígbà tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ lọ rò ó, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa bínú.

Táyé_FUTA
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ fi kiní kan kún un nípa rílásà, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jà ràn-ìn lórí ayélujára, àwọn èèyàn sì ń kà á ju bó ṣe wà lọ. Ìwádìí kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Sister Study. Ní 2022 wọ́n gbé àbájáde kan jáde lórí obìnrin 33,947 tí wọ́n ti ń tọ̀ lẹ́yìn fún bí ọdún 11. Wọ́n ṣírò pé nínú 100 obìnrin tí kò lo ohun ìnarun rí, 1.64 ni jẹjẹrẹ ilé ọmọ á mú kí wọ́n tó pé ẹni 70 ọdún. Nínú àwọn tó ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún, 4.05 ni.

Kò sí ẹni tó ṣẹ́ gègé pé kí ìwọ lo rílásà, kí ìwọ má lò ó. Wọ́n kàn bi àwọn obìnrin ní ohun tí wọ́n ń ṣe ni, wọ́n sì ń ṣọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Àwọn tó ń lò ó dáadáa lè yàtọ̀ sí àwọn yòókù nínú nǹkan mìíràn. Àti pé gbogbo àwọn obìnrin yẹn ló ní arábìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú ti mú, wọn kì í ṣe ẹnikẹ́ni ṣáá láàárín ìgboro. Ìkìlọ̀ gidi ni, kì í ṣe ìdájọ́. Èmi ti sọ fún ìyá mi kí wọ́n dín in kù.

OnídìríÒkèÀró
Táyé ọmọ mi, ṣé kí n kúkú ti ṣọ́ọ̀bù pa kí n wá máa ta ẹ̀kọ?

Mo gbọ́ ọ o. Oníbàárà tó bá ní kí n tún fi rílásà sí i kí oṣù méjì tó pé, mo máa ń lé e padà, ẹlòmíràn á bínú gba ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lójú títì kejì lọ. Bí orí bá ní egbò, mi ò kàn án. Ṣùgbọ́n kí ẹ bá mi bi àwọn oníwàádìí yẹn léèrè: àwa tí à ń fọwọ́ pò ó láàárọ̀ tí à ń mí i símú lálẹ́ ńkọ́? Oníbàárà lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, wọ́n kà á sí ewu. Èmi ń rẹ́ni mẹ́rin lójúmọ́ bó bá di ọ̀sẹ̀ ọdún.

ÌyáÀbẹ̀kẹ́
Ẹ ṣé gan-an. Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Mo gbọ́ pé nínú ìdánwò, wọ́n máa ń fún àwọn kan ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn nìyẹn? Àbúrò mi á wọ ọkọ̀ láti ilé dé ibẹ̀, á wá lọ gba ìyẹ̀fun?

Nọ́ọ̀sìẸkìmọ̀gún
Pílásíbò ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ẹ̀tàn bí wọ́n bá ti sọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kó tó bẹ̀rẹ̀ pé ó lè bọ́ sí apá yẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kò ṣòro. Oríṣi irun ríre kan wà tí ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ń bá irun jà, orí á pá kiribiti kiribiti bí owó ẹyọ. Irun yẹn lè tún hù fúnra rẹ̀ láìlo nǹkan kan. Bí ẹni tó ń ta àgbo bá wà nítòsí lọ́jọ́ náà, òun ló máa gba ìyìn.

Ẹ wo oògùn baricitinib, tí wọ́n ti ń lò fún oríkèé ríro kí wọ́n tó gbé e wá sídìí irun. Ìdánwò ńlá méjì ni wọ́n ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36, nínú àwọn tó lo èyí tó lágbára jù, bíi 39 nínú 100 ní ìdánwò kìíní àti bíi 36 nínú ìkejì ni irun wọn padà débi tó jẹ́ pé pípá tó kù lórí wọn ò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Àwọn tó gba pílásíbò, bíi 6 àti bíi 3 nínú 100. Àwọn 6 wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Wọn ò lo nǹkan kan, irun wọn hù. Bí kò bá sí wọn nínú ìṣirò, a ò ní mọ èyí tí oògùn ṣe àti èyí tí ara ṣe. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà fún irun ní oṣù kẹfà 2022. Kì í ṣe oògùn tí ẹnikẹ́ni á lọ rà fúnra rẹ̀ o, ó ń dín agbára ara láti bá kòkòrò àrùn jà kù, dókítà ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹni tó ń lò ó. Kò sì ní ṣiṣẹ́ fún irun tí fífà tàbí àpá pa.

Níbi tí oògùn tó dáa bá ti wà fún àìsàn tó lè pani, èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi wé tuntun. Wọn ò gbọdọ̀ fi ẹni tó ń kú lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun.

Mọ̀míOlóyin (Ọba-Ilé)
Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ gbẹ̀yìn yẹn, mo lè jẹ́rìí sí i. Ọmọ mi ní sìkúlà. Hydroxyurea ló ń lò, dókítà ló kọ ọ́ fún un. Nígbà tí mo ń bẹ̀rù pé oògùn náà le jù fún ọmọdé, dókítà jókòó tì mí, ó ṣàlàyé ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní Kánò àti Kàdúná, SPRING ni wọ́n pè é, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022. Ọmọ 220 tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn rọpárọsẹ̀ lè tètè kọ lù wọ́n ni wọ́n fi ìbò pín sọ́nà méjì. Gbogbo wọn ló gba oògùn: apá kan gba ìwọ̀n kékeré, apá kejì gba ìwọ̀n tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Wọn ò rí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì nínú dídènà rọpárọsẹ̀.

Ọmọ wa ni wọ́n fi ṣe é, ní ilẹ̀ wa, lórí àìsàn tó pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Kò sí ọmọ mi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òbí tí wọ́n fọwọ́ sí i nígbà yẹn ni mo ń gbàdúrà fún. Baálé, ẹ máa bínú sí mi, ṣùgbọ́n Kánò náà ni o.

Baálé_Arákalẹ̀
Mi ò bínú. Mo ti gbọ́.

ỌmọỌ̀wọ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ilé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí náà wà nínú ìwádìí tí ayé ń kà. Láti 2018 sí 2020, wọ́n tọ aláìsàn ibà Lásà 510 lẹ́yìn ní FMC Ọ̀wọ̀, ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, nínú iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ LASCOPE. Wọ́n rí i pé àwọn tí kíndìnrín wọn ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ àti àwọn tí kòkòrò náà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ewu ikú pọ̀ fún jù. Ribavirin tí wọ́n ń fún gbogbo onílásà, ìwádìí tó gbé e ró ti pẹ́, Sierra Leone ni wọ́n ti ṣe é, 1986 ló jáde, àwọn onímọ̀ sì ti ń bi í léèrè. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò INTEGRATE ní Ọ̀wọ̀ ní 2024, wọ́n ń fi favipiravir, oògùn tí àwọn ará Japan ṣe fún ọ̀fìnkìn ńlá, wé ribavirin. Ará ilé wa wà lára àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Ó ní bí ẹnì kan bá kọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ.

Ìbùkún_Alágbàká
Kí n sọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ ká sá fún ìwádìí pátá. Ohun tí wọn ò bá wò lára wa, kì í bá wa mu nígbà tó bá dé. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, gbogbo wa mọ̀ ọ́n nígbà Kòrónà. Ní oṣù kejìlá 2020 ni àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé nígbà tí ẹ̀rọ náà ń sọ pé ara dá, bíi 12 nínú 100 àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún aláwọ̀ dúdú ló jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ti aláwọ̀ funfun jẹ́ bíi 4. Àwọ̀ ara ń da iná ẹ̀rọ náà rú. Kódà ìwọ̀n tí àwọn dókítà fi ń pín àwọ̀ ara, tí dókítà awọ ara kan tó ń jẹ́ Fitzpatrick gbé kalẹ̀ ní 1975, aláwọ̀ funfun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó fi tiwa kún un ní ìparí. Ìwé ń sọ pé ara tó ń wú á "pọ́n". Tèmi kì í pọ́n, ó máa ń dúdú sí i ni.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń kọ sára ìpara ní ọjà. "Àwọn dókítà ti dán an wò." Wọ́n lè ti fi í kan ẹ̀yìn ọwọ́ èèyàn díẹ̀ láti wò ó bóyá á yún wọn, kó sì jẹ́ gbogbo ìdánwò náà nìyẹn. Kò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n tún ń pò fúnra wọn sínú ike tí kò ní orúkọ, ẹ má fi kan ọmọ. NAFDAC ò gbà kí mẹ́kúrì wà nínú ìpara, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára tí wọ́n ń yí mọ́ ọn á jẹ́ kí awọ fẹ́lẹ́, kó ya, kí èékánná lásán máa dá ọgbẹ́ sí i.

ÌyáÀbẹ̀kẹ́
Àbọ̀ rèé. Mo ní kí àbúrò mi bi wọ́n ní orúkọ ìgbìmọ̀ àti nọ́ńbà àṣẹ. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ sanwó, pé àṣírí ìwádìí ni ìyẹn. Ó ní òun fẹ́ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ni wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù. Ó ti gba káàdì láti rí dókítà awọ ara báyìí. Kí ló yẹ kó múra sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sìẸkìmọ̀gún
Kó tú irun náà kó tó lọ, kó má fi òróró tàbí jẹ́ẹ̀lì pa á lọ́jọ́ náà, kó sì má wọ wíìgì tó ní gúlúù. Kó kó gbogbo ìgò àti ike tó ti ń lò dání, pàápàá èyí tí kò fẹ́ kí dókítà rí. Bó bá ní fọ́tò àtijọ́ tí irun rẹ̀ hàn, kó mú un wá, ó máa ń jẹ́ kí dókítà mọ bó ṣe ń yára tó. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún irin inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀yà ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Wọ́n tún lè ní àwọn fẹ́ gé awọ orí bíńtín fún àyẹ̀wò. Wọ́n á pa ibẹ̀ kú kí wọ́n tó gé e, kó má bẹ̀rù. Kó sọ fún wọn bó bá lóyún tàbí bó bá ń retí oyún, torí àwọn oògùn irun kan wà tí aboyún ò gbọdọ̀ lò, finasteride wà lára wọn, òun nìkan sì kọ́.

BàbáKẹ́hìndé_OǹdóRóòdù
Ẹ má bínú pé mo yà bàrá. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, làpálàpá wà lórí rẹ̀, irun ibẹ̀ sì ti ń já. A ti ń fi ìpara kan pa á, á lọ díẹ̀, á tún padà. Ṣé ìyẹn náà máa fa pípá ni?

Nọ́ọ̀sìẸkìmọ̀gún
Bàbá Kẹ́hìndé, ìpara ò lè dé gbòǹgbò irun níbi tí kòkòrò náà sá pa mọ́ sí. Ti orí, oògùn mímu ni, griseofulvin tàbí terbinafine, ìwọ̀n tí dókítà bá fi ìwúwo ọmọ náà ṣírò, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń gbà. Ẹ má dá a dúró torí pé orí ti ń dán. Bí ìpara tí ẹ ń lò bá ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, ẹ jáwọ́, òun ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ó ti lọ. Irun máa ń hù padà bẹ́ ẹ bá tètè tọ́jú rẹ̀, àyàfi èyí tó bá wú tó sì ń yọ ọyún, kíá ni kẹ́ ẹ gbé ìyẹn lọ. Ẹ sọ fún báábà yín kó fọ kílípà rẹ̀ kó tó kan ọmọ mìíràn, kẹ́ ẹ sì ya kóòmù àti fìlà rẹ̀ sọ́tọ̀.

BàbáKẹ́hìndé_OǹdóRóòdù
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé tí wọ́n jọ ń sùn ńkọ́? Orí tiẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sìẸkìmọ̀gún
Ẹ mú òun náà dání. Ó lè wà lórí rẹ̀ láìtíì hàn.